Oúnjẹ Ọdún Lórí Òkun: Ta Ni Ó Yẹ Kí Èrò Ọkọ̀ Bínú Sí?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ewé wa yìí lè kọ́kọ́ ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè sọ pé, "Kí ni ó kàn wá nínú oúnjẹ Kérésìmesì tí àwọn olówó ń jẹ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí òkun?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó fún ẹni tí ó ń gbé àwo oúnjẹ lórí òkun kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan fẹ́ máa gbà san owó fún àwa náà nílé.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò ni mo jẹ́ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ní Kérésìmesì ọdún 2023, òun àti ọkọ rẹ̀ ní kí èmi àti ìyá wọn wá sinmi, wọ́n sì mú wa wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní èbúté Galveston fún ọjọ́ 7. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èmi tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi gbé èrò, èmi náà wá di èrò. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

OHUN TÍ ÈRÒ Ń RETÍ

Kí a tó gbéra, ọmọ mi ti fi ìwé ìpolówó ọkọ̀ náà hàn mí. Nínú àwòrán, odidi tòlótòló kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí tábìlì, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún èrò nìyẹn, kò sì sí èrò kan tí kò gbé ìlérí náà sọ́kàn wọlé.

Ní alẹ́ Kérésìmesì, ènìyàn mẹ́jọ ni a wà nídìí tábìlì wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ohun tí kálukú ń retí. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, òyìnbó, opó. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ òun láìsí ọkọ òun nìyí, òun kò sì lè dá se oúnjẹ ọdún nínú ilé tí ó ṣófo. Ohun tí ó ń wá ni búrẹ́dì rírún tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn pò, tí wọ́n máa ń kì sínú tòlótòló, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe é. Tọkọtaya kan láti Oklahoma ní ti àwọn kò pé láìsí páì elégédé. Ọkọ ọmọ mi ń retí edé ńlá inú òkun, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò béèrè púpọ̀. Ó wò yíká tábìlì, ó ní, "Ata dà?"

N kò rí ẹ̀bi kankan nínú gbogbo èyí. Oúnjẹ ọdún kì í ṣe oúnjẹ ikùn nìkan. Ẹni tí ó bá jẹ ọdún níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀ ń wá ilé rẹ̀ nínú àwo náà ni. Àwa náà mọ̀ bí ó ti ń rí lára, bí a bá jẹ ìrẹsì ọdún ní ilẹ̀ àjèjì tí kò ní adùn ọbẹ̀ ìyá wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ bú àwọn èrò. Wọ́n sanwó, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti retí.

Oúnjẹ dé. Kì í ṣe odidi tòlótòló bí ti àwòrán. Wọ́n ti gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó sórí àwo pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ sì ti gbẹ. Búrẹ́dì rírún tí opó yẹn ń retí dé, ṣùgbọ́n ó fi fọ́ọ̀kì yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Edé ńlá kò sí nínú ìwé oúnjẹ alẹ́ náà rárá. Nídìí tábìlì kejì, ọkùnrin kan gbóhùn sókè sí wétà wa. Ó ní, "Ṣé oúnjẹ ọdún nìyí?" Wétà náà, ọmọkùnrin ará Indonéṣíà kan, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì yára gbé àwo náà padà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín kọ̀ndọ́kítọ̀ ni, nígbà tí èrò bá ń bú u pé ọkọ̀ ń jò, tí ó sì mọ̀ pé òun kọ́ ni òun ni ọkọ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ ọmọ mi dìde. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ka dọ́là 16 sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́rùn fún dáàṣì àwọn òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ lọ bá wọn ní káńtà ìsàlẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Oúnjẹ gbígbẹ yìí kò tó bẹ́ẹ̀."

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn mi. Àwa mẹ́rin, ọjọ́ 7, dọ́là 16: dọ́là 448 ni. Mo ní, "Ọkọ ọmọ mi, jókòó ná. Owó ta ni o fẹ́ lọ yọ?"

BÍ TÒLÓTÒLÓ ṢE Ń DÉ ORÍ TÁBÌLÌ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà bí òṣìṣẹ́ ti ń wo iṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní kì í ṣe ilé oúnjẹ kékeré. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tí ó gbéra ní Miami fún ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, lè kó èrò tó 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì tó 2,350. Ìlú ni ìyẹn. Tiwa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni àwa náà.

Ìyá tí ó ń sun tòlótòló kan ṣoṣo nílé lè dúró tì í, kí ó máa da omi rẹ̀ sí i lára, kí ó sì gbé e lọ sórí tábìlì bí ó bá ti jiná. Nínú ọkọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Tòlótòló tí ó dì bí òkúta ni wọ́n ń kó wọkọ̀ ní èbúté, nítorí ọjà kò sí láàárín òkun. Èyí tí ó bá wọn kílò 7 ń lo nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 4 nínú yàrá tútù kí yìnyín tó tú lára rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ oúnjẹ Kérésìmesì ti bẹ̀rẹ̀ ní bí ogúnjọ́ oṣù. Ẹnikẹ́ni kò sì lè yí ọkàn padà ní alẹ́ ọdún pé òun ń fẹ́ nǹkan mìíràn.

Àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1970 ni CDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbógun ti àrùn, ti ń wọ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ń dé èbúté wọn láti yẹ ilé ìdáná wò. Nínú ìlànà wọn, ẹran adìyẹ àti tòlótòló gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ̀sì 74 nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ó bá ti jiná, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ooru, kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 57 lọ. Ìlànà rere ni, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹran tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ, tí ó wà nínú ooru bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìpín àkọ́kọ́ jókòó ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, títí tí ìpín kejì fi jókòó lẹ́yìn agogo mẹ́jọ. Báwo ni etí rẹ̀ kò ṣe ní gbẹ?

Ọ̀nà wà láti tún un ṣe. Wọ́n lè sun ún ní ìpele-ìpele kí ó má pẹ́ nínú ooru. Wọ́n lè gé e nígbà tí àwọn èrò bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n èyí ń fẹ́ ọwọ́ sí i nínú ilé ìdáná, ó ń fẹ́ ààrò sí i, ó ń fẹ́ owó sí i. Ta ni ó ń pinnu iye ọwọ́ tí yóò wà nínú ilé ìdáná? Wétà kọ́. Ta ni ó pinnu pé kò ní sí edé ńlá lọ́dún yìí? Wétà kọ́. Ta ni ó ya àwòrán odidi tòlótòló sínú ìwé ìpolówó? Wétà kọ́, alásè náà kọ́. Ní ọ́fíìsì kan lórí ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ ohùn ọkùnrin tí ó ń pariwo nídìí tábìlì. Ẹ̀tẹ̀ ni ó wà nílẹ̀ tí èrò ń pa làpálàpá.

TA NI Ó Ń SAN OWÓ IṢẸ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù lọ wo eré. Mo bá wétà wa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ká aṣọ tábìlì. Mo sọ fún un pé awakọ̀ ni mí, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ojú rẹ̀ là. Ó ní oṣù kẹjọ òun nìyí nínú ọkọ̀, òun kò sì tíì ní odidi ọjọ́ kan tí òun kò fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Òun àti igbákejì òun ni wọ́n ń tọ́jú ènìyàn 24 ní ìpín àkọ́kọ́, àti 24 mìíràn ní ìpín kejì. Òun tún ń ṣe ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Nígbà tí mo bi í léèrè pé nígbà wo ni àwọn jẹ Kérésìmesì tiwọn, ó ní lẹ́yìn tí tábìlì ìkẹyìn dìde, ní bí ọ̀gànjọ́ òru, nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí yàrá wọn wà. Ó ní àwọn ọmọ òun méjì ti jí nílé lákòókò náà, òun sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí á wo òfin. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni ó ṣe é ní Geneva ní oṣù Kejì ọdún 2006. Ó di òfin tí ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 kan náà. Àdéhùn náà sọ pé ìwọ̀n iṣẹ́ atukọ̀ yẹ kí ó dúró lórí wákàtí 8 lójúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ àti ìsinmi ní àwọn ọjọ́ ọdún. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà tún gba orílẹ̀-èdè láyè láti tẹ̀lé òdiwọ̀n ìsinmi: kí òṣìṣẹ́ ṣáà ti sinmi fún wákàtí 10 láàárín wákàtí 24, àti wákàtí 77 láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀yin oníṣirò, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Ẹ yọ 77 kúrò. Wákàtí 91 ni ó kù tí ọ̀gá lè fi mú ènìyàn ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, òfin kò sì ní mú un. Níhìn-ín, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko nínú gbogbo ọjọ́ 7. Ọjọ́ Kérésìmesì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìsinmi ni ọjọ́ tí iṣẹ́ wétà lórí òkun wúwo jù lọ.

Kí ló dé tí òfin Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé Galveston ni ọkọ̀ ti gbéra, tí ọ̀pọ̀ èrò sì jẹ́ ará Amẹ́ríkà? Mo lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nígbà tí a dúró ní èbúté. "Nassau" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nassau ni olú-ìlú Bàhámà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe rí: àsíá Bàhámà, àsíá Pánámà, àsíá Málítà ni wọ́n ń ta. Royal Caribbean, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Miami, Làìbéríà ni ó forúkọ sílẹ̀ sí ní ọdún 1985. Òfin Amẹ́ríkà lórí owó oṣù tí ó kéré jù lọ kò sì kan atukọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1948 ni ITF, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà ní gbogbo àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1896, ti ń bá àsíá àyálò yìí jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dáàṣì ti wọlé nìyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń kó èrò láti Amẹ́ríkà ń gba nǹkan bí dọ́là 16 sí 20 lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pín in fún àwọn wétà, àwọn tí ń tún yàrá ṣe, àti àwọn mìíràn. Wọ́n pè é ní ìmọrírì. Ṣùgbọ́n nínú ìmọrírì yìí ni apá tí ó pọ̀ nínú owó oṣù wétà wà. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́, èrò sì lè lọ sí káńtà kí ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo ọgbọ́n náà bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ ṣe ìlérí, ilé-iṣẹ́ dín ọwọ́ kù nínú ilé ìdáná, tòlótòló gbẹ, èrò bínú, owó sì kúrò lápò wétà. Kọ́bọ̀ kan kò kúrò lápò ilé-iṣẹ́. Èrò sì rò pé òun ti gbẹ̀san.

Ohun tí mo sọ fún ọkọ ọmọ mi nìyí. Mo ní, "Owó tí o fẹ́ lọ yọ yẹn, kì í ṣe owó ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbé mọ́ínmọ́ín tí kò jiná wá fún ọ ní búkà, ṣé owó ọmọ tí ó gbé àwo wá ni o máa gbà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì, n kò mọ̀ pé owó oṣù wọn ni. Dáàṣì ni wọ́n pè é." Mo ní, "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀."

ÀWỌN TÍ YÓÒ BÁ MI JIYÀN

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Bàbá, bí èrò kò bá lè yọ dáàṣì, wétà yóò di ọ̀lẹ." Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè: ṣé ẹni tí ó ń dì bẹ́líìtì nílé-iṣẹ́ wa ń na fìlà sí ẹni tí yóò lò ó kí ó tó dì í dáadáa? Ẹ̀kọ́ iṣẹ́, irinṣẹ́ tí ó pé, ọwọ́ tí ó tó àti fọ́máànù tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń mú iṣẹ́ dára. Ìbẹ̀rù pé ebi yóò pa ọmọ ẹni kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ rí. Ẹ̀rín nìkan ni ó ń kọ́ni.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn wétà fúnra wọn fẹ́ràn dáàṣì, pé ọ̀pọ̀ wọn ń rí owó ju bí wọn ìbá ti rí nílé lọ. Òtítọ́ wà nínú èyí, n kò sì ní fi í pamọ́. Wétà tí àwọn èrò rere bá jókòó sí tábìlì rẹ̀ ń mú owó gidi lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí gbogbo ọkọ̀ ìgbafẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ há sínú ọkọ̀ lórí omi fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, nítorí àwọn èbúté kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀. Níbo ni dáàṣì wà nígbà náà? Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá wà nínú inú dídùn àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni owó oṣù náà lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe bí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Bìrìtìkó, P&O Cruises fòpin sí owó iṣẹ́ ojoojúmọ́ yìí ní ọdún 2019, wọ́n fi í sínú owó ọkọ̀. Ọkọ̀ wọn kò rì. Èrò mọ iye tí òun ń san kí ó tó kúrò nílé, kò sì sí káńtà tí ó lè lọ láti fi tòlótòló gbígbẹ jẹ ẹlòmíràn níyà.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa yóò rántí ọkọ̀ Aureol ti Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, tí ó ń ná Èkó sí Liverpool títí di ọdún 1972, kí ó tó máa lo Southampton, tí ó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún 1974. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó wọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn, owó wọn kò sì tó ti àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1959, aáwọ̀ láàárín ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹ wò ó bí ayé ti ń yí. Lánàá, àwa ni a wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ wa jókòó sórí àga nídìí tábìlì, ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń gbé àwo. Bí a bá gbàgbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìtìjú ni fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé náà. Ní òpin ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń pín ìrẹsì, òróró àti adìyẹ fún òṣìṣẹ́. A ń pàtẹ́wọ́, a ń gbàdúrà fún ọ̀gá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ìrẹsì o. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ṣé owó ọdún wà nínú rẹ̀, tí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, tàbí ìrẹsì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ìrẹsì tí kò sí nínú àdéhùn, bí inú ọ̀gá kò bá dùn lọ́dún tí ń bọ̀, kò ní sí. Èènì ni. Ìyá olójà tí ó bá fi èènì lé ọjà ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí yóò gbà kí wọ́n fi èènì dípò ọjà tí ó ti sanwó fún. Owó iṣẹ́ wa ni ọjà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n pé, kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ èènì.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà, èrò ń bú yín. Kò mọ̀ pé ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹta pé búrèkì kò dára. Ohun tí ó ń dùn yín nínú ìyẹn ni kí ẹ rántí nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá jókòó sílé oúnjẹ, sí báńkì tàbí sí ilé ìwòsàn, tí inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí yín sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó wọ aṣọ iṣẹ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí. Kìíní, èrò ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ọdún tí wọ́n ṣèlérí fún un, kí ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣèlérí: kí ó kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́, kí ó sọ ohun tí kò dára, kí ó sì sọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò tó. Èkejì, owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú owó ọkọ̀ àti nínú àdéhùn, kí ó má sí ní ọwọ́ èrò láti fún tàbí láti gbà padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi èènì lé e láti inú ọkàn rere, kí ó fi í. Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ wa, tí ó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà, kò gbọ́dọ̀ rí ìjà àwọn atukọ̀ lórí àsíá àyálò bí ìjà àwọn ará ibòmíràn. Ọ̀gá tí ó bá rí i pé òun lè fi àsíá sá fún òfin lórí òkun yóò wá bí òun yóò ṣe fi ìwé agbáṣẹ́ṣe sá fún un lórí ilẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ di òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Kí n tó fi kálámù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ ọmọ mi kò lọ yọ dọ́là 448 yẹn. Ní alẹ́ ìkẹyìn, ó gba ìwé tí wọ́n fi ń sọ èrò ọkàn ẹni nípa ìrìn àjò, òun àti opó yẹn sì jọ kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé tòlótòló gbẹ, pé àwòrán inú ìwé ìpolówó kò bá ohun tí àwọn rí mu, àti pé ènìyàn méjì kò tó fún ènìyàn 48 ní alẹ́ ọdún. Wọ́n sì kọ ọ́ pé wétà wọn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Opó náà ka èyí sókè ketekete kí gbogbo tábìlì gbọ́. Bí a ti ń jáde, ìyàwó mi, tí ó ti ń wá ata láti ọjọ́ kìíní, rí i pé ọmọkùnrin náà ti fi àwo kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Sámbálì ni wọ́n ń pè é nílùú wọn. Ata tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, omi dà lójú rẹ̀, ó ní, "Oúnjẹ ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Dẹ́rẹ́bà Àgbà